Ọkọ̀ Ojú Irin Tuntun Ń Bọ̀ Ládùúgbò Yín: Ta Ni Yóò Jèrè, Ta Ni Yóò Sanwó?

Ọ̀rọ̀ ilé la fẹ́ sọ lónìí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abbey Wood, Plumstead, Woolwich àti Thamesmead, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí.

Ní November 2025, ìjọba sọ pé òun fara mọ́ ètò láti gbé ọkọ̀ DLR kọjá odò dé Thamesmead. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn. Ó sì yẹ kó dùn, torí Thamesmead kò ní ibùdókọ̀ ojú irin tirẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ká tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀kọ́ tí Elizabeth line kọ́ wa.

Ọjọ́ 24 oṣù May ọdún 2022 ni Elizabeth line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Abbey Wood wọ àárín ìlú. Láti Abbey Wood dé Canary Wharf báyìí, ìṣẹ́jú 11 péré ni. Tẹ́lẹ̀, ẹ ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan kí ẹ tó wọ òmíràn. Àkókò tí ọkọ̀ yìí bá wa dín kù, owó ni. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, àpò ta ni owó náà wọ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: iye tí wọ́n ń ta ilé máa ń sáré ṣáájú ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó ilé tí ayálégbé ń san máa ń dúró de ọkọ̀. Kí ló fà á? Ẹni tó ń ra ilé, ọjọ́ iwájú ló ń rà. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ máa dé lọ́jọ́ kan, ó sì ti ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ayálégbé ní tirẹ̀, oṣù tó wà nínú rẹ̀ ló ń sanwó fún. Kò sẹ́ni tí yóò fowó kún owó oṣù yìí nítorí ọkọ̀ tí yóò dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé gan-an ni òṣìṣẹ́ báńkì láti Canary Wharf yóò wá wo yàrá kan náà tí nọ́ọ̀sì wa ń wò. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

Àwọn olówó ti mọ èyí tipẹ́. Woolwich kò sí nínú ètò àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi kún un, Berkeley Homes, iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ilé sí Royal Arsenal, gbà láti kọ́ kòtò ńlá abẹ́ ilẹ̀ tí ibùdókọ̀ náà jókòó sí. Òwò ni, kì í ṣe sàráà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé, tí ẹ́jẹ́ǹtì bá ní “Ọkọ̀ ń bọ̀, ẹ tètè rà,” ẹ bi í pé: ṣé owó ọkọ̀ náà kò tíì wà nínú iye tí ẹ pè yìí? Ọkọ̀ sì lè pẹ́. December 2018 ni wọ́n dá fún Elizabeth line. Ó lé ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kó tó gbéra, báńkì kò sì ní torí ìyẹn dá mọ́gééjì ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi “rélùwéè ń bọ̀” ta ilẹ̀ Èkó fún láti ilé, ẹ rántí metroline ayé Jákàńdè tí ìjọba ológun fagi lé ní 1985. September 2023 ni Blue Line tó gbé èrò.

Ó kan ẹ̀yin ayálégbé. Tẹ́ ẹ bá wà nílé káńsù tàbí ti housing association lórí social rent, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ìlànà ìjọba ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, iye tí ilé náà tó ní January 1999 ló sì wà nínú ìṣírò náà. Ọkọ̀ 2022 kò kàn án. Àmọ́ tí ìwé yín bá sọ pé affordable rent, ìyẹn lè tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọjà. Ẹ lọ wo ìwé yín.

Tó bá jẹ́ lọ́wọ́ láńdíọ́ọ̀dù lẹ ti gbà á, òfin Renters' Rights Act sọ pé láti 1 May 2026, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n lè fowó kún owó ilé ní England, pẹ̀lú ìwé oṣù méjì ṣáájú. Tó bá pọ̀ jù, ẹ lè gbé e lọ sí tribunal, tribunal kò sì lè dá iye tó ju èyí tí láńdíọ́ọ̀dù béèrè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín: owó ọjà ni tribunal ń wò, ọkọ̀ sì ti wà nínú owó ọjà. Láńdíọ́ọ̀dù tó bá fẹ́ tà náà ṣì lè gba ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìwé oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti oníṣọ́ọ̀bù, òfin 1954 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ìwé ilé ṣe tó bá parí, àfi tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé ẹ kò fẹ́ ẹ̀tọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà wò ó báyìí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ibùdókọ̀.

Àárín ìgbà tí wọ́n kéde ọkọ̀ sí ìgbà tó dé, ìgbà yẹn ni ayálégbé fi ń múra. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ tọ́jú owó, ẹ ka ìwé yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ káńsù pé ilé mélòó ni yóò jẹ́ social rent nínú èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́. Òkèèrè lolójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.

Ẹ fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Thamesmead.