Ta Ló Ni Ilẹ̀ Ọjà? Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ìyá ọjà sọ ní ìpàdé gbogboogbò

  

Ní ìpàdé tó kọjá, nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀ ọjà, pé wọ́n fẹ́ tún un kọ́, ẹ rántí ariwo tó ta. Ìyá kan dìde, ó ní ilẹ̀ ọjà, ti Kábíyèsí ni. Òmíràn ní rárá, ti káńsù ni, ṣebí àwọn ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa. Ẹ̀kẹta ní ibi tí ìyá òun ti ń ta iyọ̀ kí wọ́n tó bí òun, ta ni yóò wá sọ pé kì í ṣe tòun? Ìyálọ́jà wá ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá. Ìwé mẹ́fà ni mo kà o, ẹ má pè mí ní lọ́yà. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi Yorùbá ka òfin sí mi létí. Ohun tí mo bá bọ̀ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọjà kò dá dúró. Inú igbó ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò ṣòro lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ oko, ti ẹbí ni. Igbó ńlá tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáko sí, ti ìlú ni, ọba ló ń bá ìlú mójú tó o. Odò, ti gbogbo ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí a kì í pọn ún, ó sì ní ibi tí a kì í fọ aṣọ sí. Ọjà ńkọ́? Ọjà ọba là ń pè é, iwájú ààfin ló sì máa ń wà. Ọba kò lè tà á, ìjòyè kò lè kọ́lé sí i. Ẹni tó bá tajà á bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí ààfin, ó parí. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé kankan, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wá dé lẹ́yìn náà ni kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó bá wà nínú ìwé nìkan ni wọ́n mọ̀.

Ní nǹkan bí 1895, àwọn oníṣòwò wọ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń fa oje igi rọ́bà. Wọ́n fà á débi pé àwọn igi náà ń kú lórí ìdúró, kò sì pé ọdún mélòó kan tí òwò náà fi bàjẹ́. Ìjọba Èkó rí i, ẹ̀rù bà wọ́n. Ní 1899 wọ́n ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ọ̀kan lára àwọn igbó ìjọba tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà. Ní 1903 wọ́n mú òyìnbó kan tó ń jẹ́ H. N. Thompson wá láti ilẹ̀ Burma, ní Éṣíà, pé kó wá jẹ́ olórí lórí ọ̀rọ̀ igbó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ya igbó sọ́tọ̀ káàkiri, ti Èkìtì wa náà kò sì gbẹ́yìn. Ẹ mọ igbó ọba Ìsẹ̀, ẹ mọ ti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

N kò ní bú wọn tán o. Bí kò bá sí pé wọ́n ya igbó Ìsẹ̀ sọ́tọ̀ ni, àwọn alágbègilódò ì bá ti kó o tán tipẹ́. Títí di òní, àwọn ìnàkí ṣì wà níbẹ̀, èyí tí kò sí mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá. Èyí tó dùn mí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, ẹ sì fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ohun tó ń bọ̀ wá bá wa nìyí.

Kí igbó tó di igbó ọba, òfin ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá jókòó, kí ó kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun kan nínú igbó yìí, kí ó wá sọ ọ́. Ọdẹ á wá, á ní ibẹ̀ ni òun ti ń dọdẹ. Ẹbí kan á wá, wọ́n á ní àwọn ní ọ̀pẹ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà á gbọ́, èyí tó bá gbà, á kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ tí wọ́n fi dá igbó náà sílẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹ̀tọ́ onítọ̀hún ti kú nìyẹn, bó ti wù kó pẹ́ tó tí bàbá rẹ̀ ti ń wọ ibẹ̀. Òfin ọdún 1937 wí bẹ́ẹ̀ gbangba.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló ń já ewé eéran tí a fi ń pọ́n móínmóín? Ta ló ń ṣa ìgbín lójú òjò? Ta ló ń wá olú, tó ń ṣẹ́ igi ìdáná? Àwa obìnrin ni. Ta ló wá lọ jókòó níwájú òyìnbó lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́? Ọba, ìjòyè, olórí ọdẹ. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. N kò sọ pé òyìnbó náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tó wá síbẹ̀ ló gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹléwé tí ẹ̀ṣọ́ igbó dá dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ní kó mú ìwé ìyọ̀ǹda jáde, ẹ má rò pé àná ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Igbó wọ̀nyẹn ti gba ọwọ́ púpọ̀. Láti ọwọ́ òyìnbó, ó dé ọwọ́ ìjọba ọba àti ìjòyè, ó dé ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó dé ọwọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, ó sì dé ọwọ́ Ìpínlẹ̀ Èkìtì láti 1 Oṣù Kẹwàá 1996. Ọwọ́ ń yí, ìwé kan náà ló ń tẹ̀ lé e.

Ó ku ti ilẹ̀ gan-an. Níbí, ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó díẹ̀. Ní 1913 ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Olúwa ló ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà, Àmọ́dù Tìjání ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn olóyè onífìlà funfun. Olóyè ní kí wọ́n san owó ilẹ̀. Ìjọba ní owó wo, pé ìwọ̀nba ìṣákọ́lẹ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí ilẹ̀ nìkan ló ni, kò ni ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó dá ìjọba láre. Olóyè Olúwa kò gbà, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London ní 1920, Herbert Macaulay bá a lọ. Ní 1921 ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún dá ẹjọ́ náà pé ìlú ló ni ilẹ̀, pé ó ni ín ní tòótọ́, bí ìjọba bá sì gbà á, kí ó san owó ilẹ̀ náà fún ìlú ní pípé. Ẹjọ́ ńlá ni. Títí di òní, àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di 29 Oṣù Kẹta 1978. Lọ́jọ́ náà ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde. Wọ́n ní ilẹ̀ ti wọ́n jù, pé àwọn onílẹ̀ ń fi ni ìjọba lára bí ó bá fẹ́ kọ́ ọ̀nà tàbí ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òfin náà kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, pé kó máa bá gbogbo ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Ilẹ̀ ìlú tí gómìnà bá pè ní ìlú ńlá, gómìnà ló ń mójú tó o. Èyí tó kù, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Wọ́n tún so òfin náà mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ti 1979 àti ti 1999 tí a ń lò lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Abùjá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ wò ó bí ó ti le tó.

Ibi tó kàn wá jù nìyí. Láyé Olóyè Olúwa, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ìjọba ń san owó fún. Láti 1978, ìjọba kì í san owó ilẹ̀ mọ́. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀ ló ń san owó fún: ilé tí o kọ́, igi kòkó tí o gbìn, iṣu tó wà nínú ebè. Ilẹ̀ lásán, bí o bá ń san owó ọdọọdún lórí rẹ̀ fún ìjọba, owó ọdún yẹn ni wọ́n á dá padà. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àwùjọ, gómìnà lè ní kí wọ́n san owó ohun tó wà lórí rẹ̀ fún àwùjọ náà, tàbí fún olóyè tàbí olórí wọn. Ìyẹn ni pé orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé ni owó ń bá lọ.

Ti omi, n kò ní fa á gùn. Dáàmù Ìtápají tó wà nítòsí wa, ti àwọn ọdún 1970 ni. Dáàmù Èrò ní Ìkún, ti àwọn ọdún 1980. Ní 1976 ìjọba àpapọ̀ dá àwọn àjọ odò sílẹ̀, Benin-Owena ni tiwa. Ní 1993 òfin omi jáde pé odò tó bá ṣàn kọjá ìpínlẹ̀ kan, ìjọba àpapọ̀ ló ni àkóso rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà sọ ohun kan tó dára, pé ẹnikẹ́ni lè pọn omi lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò ilé tàbí fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀, nínú odò tí gbogbo ènìyàn ń dé. Ẹ mọ̀ ọ́n o. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró létí odò tó ní kí ẹ sanwó garawa, ẹ bi í pé òfin wo.

Ó ku ọjà wa. Mo bi àwọn tó mọ òfin ní ìbéèrè yín gan-an: ta ló ni ín? Wọ́n ní ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ jà nípàdé, kálukú ló mú díẹ̀ nínú òótọ́. Ìlú àti ọba ló yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin fún ní àkóso. Ó wà nínú ìwé òfin 1999, ní apá kẹrin lẹ́yìn ìwé náà, pé dídá ọjà sílẹ̀, títún un ṣe àti mímójú tó o, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, bí ti ibùdókọ̀ àti ilé ìgbẹ́ gbogboogbò. Ẹ ò rí i pé títún un ṣe wà níbẹ̀, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì nìkan! Ní 11 Oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Nítorí náà bí a bá lọ béèrè gọ́tà àti ilé ìgbẹ́, kì í ṣe agbe la ṣe.

Àwa ńkọ́? Ẹ má bínú sí mi, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Àwa kò ni ilẹ̀ náà. Ọdún tí ìyá rẹ ti ń tajà níbẹ̀ kò sọ ọ́ di tìrẹ níwájú òfin. Ohun tí a ní ni ìsọ̀ tí a fi owó wa kọ́, owó ìsọ̀ tí a ti ń san, àti ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Bí àwọn awọnlẹ̀ bá dé, wọn kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìtàn ìyá rẹ̀. Wọ́n á ka ìsọ̀, wọ́n á kọ orúkọ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí o lọ ra ọjà ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n wá, orúkọ ẹni tó jókòó tì ọ́ ni wọ́n á kọ. A ti gbọ́ ọ ní ọjà ibòmíràn pé nígbà tí wọ́n kọ́ sọ́ọ̀bù tuntun tán, àwọn tí kò ta ata rí ló gba kọ́kọ́rọ́.

Nítorí náà, àwa àti Ìyálọ́jà ti fẹnu kò pé kí a kọ tiwa kí tiwọn tó dé. Mo ti ra ìwé ńlá kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ni a ó kọ: orúkọ rẹ, ohun tí o ń tà, ọdún tí o bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fi ìsọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ bí o bá jogún rẹ̀, àti ohun tí o kọ́ síbẹ̀, bóyá páànù ni tàbí ọparun. Ẹ mú rìsíìtì àtijọ́ wá, títí kan èyí tí eku ti jẹ etí rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú, kó wo inú àpótí ìyá. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ sílẹ̀ láìní ìsọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù, ẹ má ṣe sọ pé kò kàn yín. Ẹléwé náà, ẹ wá. Ọmọ ilé ìwé wa kan á fi fóònù ya ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni a ó ṣe. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ Ìyálọ́jà, ọ̀kan á lọ sí ààfin, ẹ̀kẹta á lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa pé àwọn ti gbà á. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, a ò ní fi sílẹ̀ fún wọn.

Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni n ó ti jókòó lábẹ́ igi tó wà nídìí àwọn oníṣu. Ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀, tàdáwà wà nílẹ̀, kó wá tẹ̀ka. A kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.