Kí Ni Ọmọ Náà Mọ̀ Ọ́n Ṣe?

Ní ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí sáà, ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ òbí ní Ọgbà fi ń pàdé ọmọ wọn kí ọmọ tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀: "Ipò kelòó ni o gbà?" Bí ọmọ bá dáhùn pé ipò kìn-ín-ní tàbí ipò kejì, ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ yóò lé sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá dáhùn pé ipò kẹtàlélógún, ariwo sọ, lẹ́sìnnì sì ni yóò gba gbogbo ìsinmi rẹ̀. Òbí tí ó béèrè kò ṣe ohun tí kò tọ́; ó fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí òun fi òógùn ojú wá kò ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú èyí, tí a kì í sì í sábà gbọ́ lẹ́nu òbí tàbí olùkọ́. Kí ni ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe? Kí ni ó máa ń dáwọ́ lé tí yóò fi gbàgbé oúnjẹ?

Ọgbà kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ìbéèrè yìí ṣòro láti dáhùn. Àgbègbè oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, ni a ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Òṣìṣẹ́ rọ́ wá láti ibi gbogbo, wọ́n sì ń wá ilé sí Ọgbà, Ìjàyè àti Agége. Títí di òní, ọmọ tí ó bá rìn láti Òpópónà Acme lọ sí Ọjà Sunday yóò ti kọjá lára ajórin, mẹkáníìkì, télọ̀, atẹ̀wé àti àwọn tí ń yan búrẹ́dì, kí ó tó dé ibi tí ìyá rẹ̀ pàtẹ sí. Ìwé ńlá ni ojú ọ̀nà náà, bí a bá rí ẹni tí yóò bá ọmọ ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọ kan níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ni ó ń dúró ti ọjà ìyá rẹ̀. Kí oníbàárà tó ka owó rẹ̀ tán, ọmọ yìí ti mọ iye ṣéńjì tí yóò fún un. Nígbà tí ọjà bá dá, yóò kó agolo sadíìnì, wáyà àti ìdérí ìgò jọ, yóò fi wọ́n ṣe ọkọ̀ kan tí táyà iwájú rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì. Ẹnì kan kò kọ́ ọ; ohun tí ó rí lábẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni ó ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ yìí kan náà jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì. Olùkọ́ ka ìṣirò kan sí wọn létí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nípa ọkùnrin kan tí ó ní apẹ̀rẹ̀ 12, tí ọsàn 4 sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ọsàn, kò gbọ́ ìyókù. Ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó bi í ní Yorùbá pé kí ni olùkọ́ wí. Wọ́n mú un pé ó sọ èdè ilé nínú kíláàsì, ó sì san owó ìtanràn. Láti ọjọ́ náà, kò tún yíjú sí ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí sáà fi máa parí, ohun tí olùkọ́ kọ sínú ìwé èsì rẹ̀ ni pé kò já fáfá nínú ìṣirò. Olùkọ́ kò parọ́. Ohun tí ó rí ni ó kọ. Ohun tí ó dí i lójú tí kò fi rí ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.

Ìgbà kan wà tí ìjókòó gan-an jẹ́ ìṣòro. Kí ó tó di ọdún 1979, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ni ó ń gba ọ̀wọ́ ọmọ kan láàárọ̀ tí ó sì ń gba ọ̀wọ́ mìíràn lọ́sàn-án, nítorí pé yàrá kò tó. Ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè, tí ó wà lórí àlééfà láti oṣù kẹwàá ọdún 1979 títí dé ìparí ọdún 1983, kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri, ó sì fi òpin sí ètò àárọ̀-àti-ọ̀sán náà. Àwọn alátakò fi àwọn ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ilé adìyẹ ni. Òbí tí kò rí àyè fún ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ti rí ìjókòó tán, ó kù kí á bi ara wa léèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i lórí ìjókòó náà.

Ìdáhùn tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ sí èyí, Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti wá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ẹ̀ka tí ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n dáwọ́ lé rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ àti àṣà fún odidi ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì kò gbẹ́yìn nínú ètò náà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí èdè kejì ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni ó sì wà nídìí rẹ̀. Kíláàsì mìíràn wà tí wọ́n fi ń díwọ̀n: àwọn ti ibẹ̀ lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, bí ìṣe ti rí nígbà náà.

Ìwé tí wọn yóò fi kọ́ àwọn ọmọ náà kò sí nílẹ̀. Wọ́n ní láti kọ ọ́. Onímọ̀ èdè, onímọ̀ ìṣirò, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ kíláàsì jókòó papọ̀, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní já ìmọ̀ náà kulẹ̀, tí ọmọ ọdún mẹ́fà yóò sì lóye. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀; ní Modákẹ́kẹ́ òwe náà di iṣẹ́ òòjọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé nítorí èdè nìkan ni wọ́n ṣe ṣe gbogbo èyí kò tíì mọ inú ọ̀rọ̀ náà. Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ èròǹgbà wọn sílẹ̀: wọ́n fẹ́ kí ẹ̀kọ́ jí ẹ̀mí ìtọpinpin ọmọ, kí ó mú kí ọmọ lè dá nǹkan rò kí ó sì dá a ṣe, kí ọwọ́ rẹ̀ gba iṣẹ́, kí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ pọ̀, kí bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ yé e. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé èdè abínibí ni ilẹ̀kùn tí gbogbo ìwọ̀nyí ń gbà wọlé. Ẹ tún ronú sí ọmọ Ọgbà tí ó fi agolo sadíìnì ṣe ọkọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Ifẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọ kíláàsì.

Ní ọdún 1989 ni a tẹ ìwé tí ó kó àbájáde ìwádìí náà jọ jáde. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáradára ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń mi orí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó yani lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń kọ́ bí a ti ń kàwé. Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ nínú èdè tí ó gbọ́ yóò gbé e lọ sínú èdè kejì. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí ó ń kà yóò há a sórí bí ẹyẹ ayékòótọ́, yóò sì ka ìwé sí ìyà. Àwọn kan jiyàn pé kì í ṣe èdè ni ó ṣe é, pé ìwé titun àti ìtọ́jú pàtàkì ni. Kí á tilẹ̀ gbà fún wọn. Ta ni ó sọ pé ìwé tí ó bá ọmọ mu àti olùkọ́ tí ó kọbi ara sí i kò sí lára ohun tí a ń wá?

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ìṣirò ọlọ́sàn yẹn. Ọpọ́n ayò ní ihò 12. Ọmọ ayò 4 ni à ń fi sínú ihò kọ̀ọ̀kan bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ 48. Ìṣirò tí olùkọ́ kà ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn láìlé láìdín, ọsàn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ orúkọ tí Yorùbá ń pe 48: méjìdínláàádọ́ta. Inú orúkọ náà ni a ti yọ 2 kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ogún mẹ́ta ni, tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá pe orúkọ yìí, tí a sì là á yé e, ti ṣe ìsọdipúpọ̀ kan àti ìyọkúrò méjì láìmú gègé. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kò lè ka Yorùbá jìnnà mọ́, pé ní ọjà pàápàá Gẹ̀ẹ́sì ni àgbà fi ń pe iye owó. Ìyẹn kò sọ ayò di ohun àtijọ́ tí kò wúlò; ó fi hàn pé ohun èlò kan wà nílé tí ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì mú lò.

Àtakò tí ó wúwo jù ni pé Ọgbà kì í ṣe Modákẹ́kẹ́. Nínú kíláàsì kan ní Ọgbà, a lè bá ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Haúsá lórí bẹ́ǹṣì kan náà, a sì lè bá ọmọ Yorùbá tí òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè abínibí ta ni kí olùkọ́ lò? Ìjọba pàápàá kò dúró sójú kan. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 ní kí á fi èdè àyíká bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí òfin pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó máa kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti wọ́gi lé e, kí gbogbo ẹ̀kọ́ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ tí ó bá ń dúró de òfin kí ó tó gbọ́ ohun tí ọmọ ń wí yóò dúró pẹ́. Ìlànà lè yan èdè tí olùkọ́ yóò fi kọ́ni. Kò sí èyí tí ó pọn dandan fún olùkọ́ láti gba ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó béèrè ọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ẹnu ọmọ nìkan ni a sì máa ń tì. A máa ń ti kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Ìlú Róòmù ní ilẹ̀ Ítálì ní àdúgbò òṣìṣẹ́ kan tí ó jọ Ọgbà ní ọ̀nà kan: òbí a ti ìdájí jáde lọ síbi iṣẹ́, ọmọ a ṣẹ́kù sílé. San Lorenzo ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni dókítà obìnrin kan, Maria Montessori, ti ṣí ilé àwọn ọmọdé kan ní ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni olùkọ́ ń kó ohun èlò sí, òun ni ó sì ń pín in. Ní ọjọ́ kan, ó gbàgbé láti tì í, ó sì pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà tí ó wọlé, àwọn ọmọ ti mú ohun tí ó wu kálukú wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ojú olè ni olùkọ́ fi wò wọ́n. Montessori rí i pé wọ́n ti mọ àwọn ohun èlò náà dáadáa débi pé wọ́n lè yàn fúnra wọn. Láti ìgbà náà, kọ́bọ́ọ̀dù kúkúrú tí ọwọ́ ọmọ tó ni ó ń lò. Àwọn àgbà wa náà ti mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Obìnrin yìí kò na ọmọ gùn. Pẹpẹ ni ó rẹ̀ sílẹ̀.

Olùkọ́ tí ó ní ọmọ 60 nínú kíláàsì yóò sọ pé kò sí àyè fún irú èyí, kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ojú sí ọmọ kan ṣoṣo lóòjọ́, tí ó kọ ìlà méjì nípa ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe sínú ìwé kan, ọmọ márùn-ún nìyẹn lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 yóò sì kárí gbogbo wọn. Ìwé yẹn ni ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ rí ní ìparí sáà, ṣáájú ìwé ipò.

Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá gbé ọpọ́n ayò kan kalẹ̀ sórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Ọgbà, tí ó ní kí ẹni tí ó bá lè ka gbogbo ọmọ inú rẹ̀ wá kà á ní èdè tí ó bá wù ú, ọmọ Ìgbò yóò kà á ní ti ilé wọn, ọmọ Ẹ̀gùn yóò kà á ní ti ilé wọn, iye kan náà ni wọn yóò sì bá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó wà lẹ́yìn yóò kọ́kọ́ wo ojú olùkọ́, bóyá ìtanràn wà ní ibẹ̀. Bí kò bá rí i, yóò dìde.