Kí A Tó Ra Ẹ̀rọ Tòkúnbọ̀ fún Rédíò Àwọn Ọdẹ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ rédíò kan, ọmọ ìlú wa, bá ìpàdé gbogbogbòò sọ)

 

Ẹgbẹ́ ti dáwó láti ra ẹ̀rọ tí a ó fi máa yẹ wọkitọki àwọn ọdẹ wò, kí a yé gbé wọn lọ sí Ìbàdàn ní gbogbo ìgbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Owó tuntun ju agbára wa lọ, tòkúnbọ̀ la máa rà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò tó ń parọ́ burú ju kí á má ní rárá lọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ohun mẹ́ta la máa ń yẹ̀ wò lára rédíò. Àkọ́kọ́ ni agbára tó fi ń sọ̀rọ̀ jáde: tọwọ́ máa ń tó wọ́ọ̀tì 5, ti inú ọkọ̀ lè jẹ́ 25 tàbí 50. Ìkejì, ṣé orí fíríkúẹ́ńsì tirẹ̀ gan-an ló wà? Ìkẹta, ṣé etí rẹ̀ mú, àbí ẹni tó jìnnà ń pè é tí kò gbọ́? Ẹ̀rọ tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní service monitor. Lára èyí tí ẹ máa rí lọ́jà tòkúnbọ̀ ni Marconi 2955, HP 8920 àti IFR 1200. Wọ́n ti dàgbà, àmọ́ iṣẹ́ ṣì wà lára wọn.

Irọ́ tí mo ní ẹ̀rọ ń pa ńkọ́? Aago kan wà nínú rẹ̀ tó fi ń ka fíríkúẹ́ńsì. Bí aago yẹn bá fi 10 yẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan, lórí 150 MHz, ó ti ṣì í kà ní 1,500 Hz. Oníṣẹ́ á wá fi irọ́ yẹn tún gbogbo rédíò wa ṣe. Àwọn tó tún ṣe á gbọ́ ara wọn dáadáa. Èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn, tó wà lọ́wọ́ ọdẹ ní ọ̀nà oko, á máa gbọ́ wọn fátafàta. Òru ọjọ́ tí àwọn ajínigbé bá dé la máa tó mọ̀.

Nítorí náà, kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan mẹ́rin níwájú ẹni tó ń tà á.

Ẹ tan ẹ̀rọ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbóná, kí ẹ wá fi aago rẹ̀ wé ti GPS. Èyí tí kò dúró lójú kan, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ so rédíò tí ẹ mọ̀ pé ó dára mọ́ ọn, kí ẹ máa dín àmì tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ kù díẹ̀díẹ̀. Ariwo ṣàà gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dín in kù tí nǹkan kan ò yí padà, tàbí tó fò lójijì, ẹnì kan ti tẹ rédíò sọ̀rọ̀ sínú ihò tí kò gba agbára, ó ti jó o nínú.

Ẹ tẹ rédíò oníwọ́ọ̀tì 5 sí ihò tó gba agbára. Ṣé nǹkan bíi 5 ló kà?

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Iná Bìrìtìkó àti tiwa bára mu, 230 fóòtì ni. Ti Amẹ́ríkà, 120 ni. Bí ẹ̀rọ náà ò bá ṣe é yí sí tiwa, ẹ má kì í bọ iná.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé a máa ra rédíò díjítà DMR lọ́la, ẹ gbọ́ o: ọdún 2005 ni ìlànà DMR jáde. Marconi 2955 ti wà kó tó dé, kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí ibẹ̀ la bá ń lọ, ẹ jẹ́ ká mọ̀ kí owó tó jáde.

Àbá mi rèé. Kí a kọ́kọ́ ra nǹkan kéékèèké: dummy load, mítà wọ́ọ̀tì, NanoVNA fún éríà, àti ẹ̀rọ iná 13.8 fóòtì. Púpọ̀ nínú àìsàn wọkitọki ò ju bátìrì tó ti kú tàbí éríà tó ti ṣẹ́ lọ. Ìwọ̀nyí á mú un. Ìyókù owó, kó dúró sí báńkì títí a ó fi rí service monitor tó yege ìdánwò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oníṣẹ́ méjì ni kó jọ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀, kí akápò rí i kó tó san kọ́bọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dínwó kán wa lójú. Àwọn ọmọ wa ló wà nínú igbó lóru, ohùn wọn gbọ́dọ̀ dé ilé.

 Ìlú wa á dára o.