Omi Ló Tẹ Cafayate Dó

Ìlú kékeré kan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: Cafayate, ní ìpínlẹ̀ Salta, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ajẹntínà. Inú àfonífojì Calchaquí ló wà, ní nǹkan bí mítà 1,700 sókè ju ìpele òkun lọ. Wáìnì funfun olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi àjàrà Torrontés ṣe ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé òkè ló fún ìlú náà ní wáìnì yìí. Èmi ní omi ni, omi tí ọwọ́ ènìyàn darí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Cafayate, ipa omi ni kó tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún òkè ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Níbi gíga bẹ́ẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń mú kí èèpo èso nípọn, òtútù òru kì í sì jẹ́ kí kíkan inú rẹ̀ pòórá bó ti ń pọ́n. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í jẹ́ kí ewé àti èso bu. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 200 lọ́dún, ìwọ̀nba yẹn kò sì lè bọ́ ọgbà àjàrà. Ẹ wo ibi tí omi tí wọ́n là sí oko parí sí: iyanrìn ló kù, àti igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní cardón, tó jọ ọrọ́. Gíga kan náà ni, oòrùn kan náà ni. Bó bá jẹ́ òkè nìkan, kí ló dé tí àjàrà kò kọjá ibi tí omi dé? Oòrùn tí à ń yìn gan-an ń fẹ́ ìtọ́jú: ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ fi ń na ẹ̀ka àjàrà sókè bí àtíbàbà, kí ewé lè ṣíji bo èso.

Ẹlòmíràn á ní, bó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, ọwọ́ àwọn ará Sípéènì ni, nítorí àwọn ló gbé àjàrà kọjá òkun. Lóòótọ́, àwọn ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, àwọn Diaguita, onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń la omi sí oko àgbàdo wọn ní àfonífojì yìí. Ìran Quilmes, ọ̀kan nínú wọn, kọ̀ jálẹ̀ láti tẹrí ba fún àwọn ará Sípéènì fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní nǹkan bí ọdún 1666, àwọn ará Sípéènì fi ipá mú àwọn tó kù nínú wọn fi ẹsẹ̀ rin ju kìlómítà 1,000 lọ sí ẹ̀bá Buenos Aires, níbi tí ìlú kan ti ń jẹ́ Quilmes títí dòní. Àwókù ilé olókùúta wọn ṣì wà ní gúúsù Cafayate. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀ lọ́dún 1840, kì í ṣe aginjù tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí ni wọ́n bá. Àjàrà náà fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí: àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Muscat ti Alexandria àti Criolla Chica ló bí Torrontés Riojano, irú Torrontés ti Cafayate. Òkun ni òbí méjèèjì gbà wá, Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n bí ọmọ sí.

Àwọn àgbà ní a kì í bá omi ṣọ̀tá. Bí wọ́n ti ń fẹ ọgbà àjàrà, tí àlejò sì ń rọ́ wá, ẹni tí omi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò pinnu ọ̀la ìlú yìí. Àwọn ọmọ Diaguita ṣì ń gbé àfonífojì náà. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín omi, ó yẹ kí àyè wà fún wọn láti jókòó.