Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Àwọn Sinimá Olórin Tí Ó Kùnà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé kalẹ̀ lónìí rí. Ó jẹ mọ́ àwọn sinimá olórin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ná òbítíbitì owó lé lórí, tí àwọn òṣèré olókìkí kópa nínú wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n burú dé ibi pé àwọn ènìyàn ń sanwó kí wọ́n lè lọ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Kí ló dé tí ohun tí kò dára fi ń dùn ún wò? Ta sì ni ẹ̀sín náà ń já lé lórí?

Kí a tó dárúkọ ọ̀kankan, ó yẹ kí á mọ ohun tí sinimá olórin jẹ́. Nínú ayé gidi, ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ kì í dédé bú sórin láàárín títì, kí àwọn tí ń kọjá lọ sì máa bá a gbè é, kí ìlù máa dún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí onílù. Nínú sinimá olórin, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí. Òǹwòran ni ó bá òṣèré dá májẹ̀mú pé òun yóò gbà á bẹ́ẹ̀. Bí orin bá dùn, tí ijó bá gún, tí ìtàn sì mọ́yán lórí, májẹ̀mú náà dúró. Ní ọdún 1952, Gene Kelly jó nínú òjò nínú sinimá Singin' in the Rain, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ìdí tí àgbàlagbà fi ń fi ẹsẹ̀ ta omi kiri. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú òǹwòran là lójijì. Ẹni tí ó la ẹnu gbàgà láàárín ìgboro nìkan ni ó kù tí ó ń rí. Ìdí nìyí tí sinimá olórin tí ó kùnà fi ń pani lẹ́rìn-ín ju sinimá ìjà tí ó kùnà lọ.

Ẹ jẹ́ kí á mú Xanadu, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1980. Robert Greenwald ni olùdarí rẹ̀. Ọmọbìnrin Zeus, òrìṣà àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, ni ó wá sí Los Angeles láti ran ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan lọ́wọ́. Olivia Newton-John ni ó ṣe ọmọ òrìṣà náà. Iṣẹ́ ńlá tí òrìṣà torí rẹ̀ wá sáyé ni kí wọ́n lè ṣí ilé ijó kan, níbi tí àwọn ènìyàn yóò ti máa fi bàtà tí ó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké lábẹ́ yí gbirigbiri. Gene Kelly kan náà, tí ó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún, wà nínú rẹ̀. Níbì kan, ẹgbẹ́ olórin ayé ọdún 1940 àti ẹgbẹ́ onígìtá ayé ọdún 1980 wà lórí pèpéle méjì. Àwọn pèpéle náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n wọnú ara wọn, orin méjèèjì sì di àdàlù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n ná sí i. Èyí tí ó wọlé ní Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, àwọn onílé sinimá sì gbọ́dọ̀ mú tiwọn nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn orin rẹ̀ tà wàràwàrà. Orin rẹ̀ tí ń jẹ́ Magic dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó sì ń jẹ́ orúkọ sinimá náà gan-an dé ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Oṣù méjì ṣáájú rẹ̀ ni Can't Stop the Music jáde. Ìtàn bí ẹgbẹ́ akọrin Village People ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n òkodoro inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn akọrin náà fi aṣọ funfun báláú jó nítorí àtipolówó wàrà, bí ẹni pé wàrà ni ó gba ayé là. Ohun tí ó tún bà á jẹ́ ni àkókò. Orin dísíkò ni gbogbo rẹ̀ dá lé, bẹ́ẹ̀ sì ni ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 1979, wọ́n ti kó àwo orin dísíkò jọ ní pápá ìṣeré ńlá kan ní Chicago, tí wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ wọn túútúú níṣojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ọjà ti tú kí wọ́n tó pàtẹ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n ná sí èyí náà; bíi mílíọ̀nù méjì péré ni ó pa ní Amẹ́ríkà.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Wilson, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìpolówó sinimá, wo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Los Angeles, owó tí ó san kò sì pé dọ́là kan. Bí ó ti jáde ni ó ti ń rò ó pé bí àwọn kan bá ń fún sinimá tí ó dára jù lọ ní ẹ̀bùn Oscar, ó yẹ kí èyí tí ó burú jù lọ náà gba tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1981, nínú pálọ̀ ilé rẹ̀, ó pín ẹ̀bùn Golden Raspberry fún ìgbà àkọ́kọ́. Èso ni raspberry, ṣùgbọ́n àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tún ń fi orúkọ náà pe ariwo ẹnu tí a fi ń yọ ṣùtì síni. Can't Stop the Music ni ó gba ti sinimá tí ó burú jù lọ. Greenwald tí ó darí Xanadu gba ti olùdarí. Àwàdà inú pálọ̀ di àṣà ọdọọdún.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Cats dé. Orí ìtàgé ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní London ní ọdún 1981. Andrew Lloyd Webber ni ó fi ohùn sí ewì T. S. Eliot nípa àwọn ológbò, ọdún mọ́kànlélógún gbáko ni wọ́n sì fi ṣe é níbẹ̀. Kí ló dé tí ohun tí ó dùn lórí ìtàgé fi di yẹ̀yẹ́ nínú sinimá? Ẹni tí ó bá ti wo eégún aláré yóò mọ ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tí aṣọ bá yí padà di ọ̀nì lójú agbo, òǹwòran mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ni ó fi èrò inú rẹ̀ parí iṣẹ́ náà, ìdí sì nìyí tí ó fi ń pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òǹwòran London ṣe rí òṣèré tí ó kun ojú, tí ó gbà pé ológbò ni. Ṣùgbọ́n olùdarí sinimá náà, Tom Hooper, ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà hu irun sára àwọn òṣèré, kámẹ́rà sì sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí. Kò sí ohun tí ó kù fún òǹwòran láti parí. Ojú ènìyàn, ara ológbò: ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rín ń pa á. Ìkánjú tún wọ̀ ọ́ débi pé ọwọ́ Judi Dench hàn láìhurun, tòun ti òrùka ìgbéyàwó. Lẹ́yìn tí sinimá náà ti jáde ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é tún ń fi ẹ̀dà tí wọ́n ti túnṣe ránṣẹ́ sí àwọn ilé sinimá. Lloyd Webber fúnra rẹ̀ sọ ní ọdún 2021 pé lẹ́yìn tí òun wò ó tán, òun lọ ra ajá.

Títí dé ibí, ẹ̀rín ni. Níbi ayẹyẹ Oscar ti oṣù kejì ọdún 2020, méjì nínú àwọn òṣèré Cats wọ aṣọ ológbò jáde láti fi ẹ̀bùn fún àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àrà inú sinimá, wọ́n sì fi iṣẹ́ àrà inú sinimá tiwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Visual Effects Society, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Ta ni ó ní kí ológbò ní ojú ènìyàn? Ta ni ó dá ọjọ́ tí sinimá gbọ́dọ̀ jáde? Kì í ṣe àwọn tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji. Nígbà tí iṣẹ́ bàjẹ́, ẹni tí ó wà lóòrùn náà ni ẹ̀sín já lé lórí.

Àwọn ẹlẹ́bùn Golden Raspberry pàápàá ti kọ́gbọ́n. Ní ọdún 2022, wọ́n fa ọwọ́ ẹ̀bùn ẹlẹ́yà tí wọ́n fún Bruce Willis sẹ́yìn nígbà tí ayé gbọ́ pé àìsàn ń bá a jà. Ní ọdún 2023, wọ́n fi orúkọ ọmọdébìnrin ọlọ́dún méjìlá kan sílẹ̀ fún ẹ̀sín. Ariwo ta, wọ́n yọ orúkọ náà, wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún kò sí nínú eré àwọn mọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2007, àwọn eléré kan gbé Xanadu sórí ìtàgé ní Broadway. Wọn kò fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Òun gan-an ni wọ́n fi ṣàwàdà, àwọn òṣèré sì ń fi ìtàn ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ àwọn orin náà dáadáa, nítorí pé wọ́n dára. Eré náà lé ní ìgbà 500 lójú agbo, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó lè gba ẹ̀bùn Tony fún eré olórin tí ó dára jù lọ. Ẹ̀rín ti kó èèpo dànù, ó fi ẹran ọbẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùwòran, ẹni tí kò bá dáwọ́ lé nǹkan ni kì í ṣe àṣìṣe. Sinimá tí a ṣe láìfi ọkàn sí i kì í pani lẹ́rìn-ín, oorun ni í kunni. Èyí tí a ń fi ṣẹ̀sín títí di òní ni èyí tí àwọn tí ó ṣe é gbà gbọ́ tọkàntọkàn, tí agbára wọn kò gbé. Ẹ jẹ́ kí á rẹ́rìn-ín iṣẹ́ náà, kí á rẹ́rìn-ín àṣejù tí ó bí i, kí á má sì fi òṣìṣẹ́ tí kò lóhùn níbẹ̀ san gbèsè ẹni tí ó pàṣẹ.