Eegun lè jinná kí ẹ̀rù tó kúrò lára agbábọ́ọ̀lù



Lọ́jọ́ 21, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, Victor Osimhen àti Milan Skriniar forí gbárí nígbà tí Napoli ń kojú Inter ní ìlú Milan. Eegun ojú Osimhen fọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fi irin so eegun náà pọ̀.

Ó padà sórí pápá lóṣù Kìíní, ọdún 2022, pẹ̀lú ìbòjú. Orí tó fi gbá ènìyàn yẹn náà ló tún gbọ́dọ̀ máa fi kan bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 2023, Napoli gba ife líìgì Ítálì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1990. Osimhen ló gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù, góòlù 26. Síbẹ̀, kò tíì bọ́ ìbòjú náà nígbà yẹn.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Agbábọ́ọ̀lù tí iṣan orúnkún rẹ̀ já rí lè máa fi ẹsẹ̀ náà pamọ́ láìmọ̀. Kì í ṣe ojo. Ṣùgbọ́n ó léwu, nítorí ẹsẹ̀ kejì ni yóò máa ru gbogbo ẹrù.

Lórí pápá àdúgbò wa, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi ọmọ: "Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?" Bó bá ti ní rárá, ó di inú pápá. Ọ̀pọ̀ á tiẹ̀ parọ́, torí pé ẹni tó ń wá agbábọ́ọ̀lù lọ sókè òkun ń bọ̀ ní Sátidé.

Kò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ iṣan orúnkún, ó sábà máa ń gbà tó oṣù 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ tó farapa gbọ́dọ̀ lágbára bíi ti èkejì. Kó kọ́kọ́ sáré tààrà, lẹ́yìn náà kó máa yí, kó máa fò, kó tó wá bá ẹlòmíràn du bọ́ọ̀lù.

Ẹ wá fi ìbéèrè kejì kún un: "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ jẹ́ kó máa wá síbi ìgbáradì, bí kò tilẹ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù, kó má baà dá wà. Bí kò bá rí oorun sùn mọ́, tàbí tó ń sọ pé ayé òun ti parí, ẹ mú un lọ bá dókítà, bí ẹ ṣe mú orúnkún rẹ̀ lọ.

Ìwọ ọmọ tó sì ń tiro lọ sí pápá, Sátidé mìíràn ń bọ̀. Orúnkún mìíràn kò sí.