Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Bà Á Jẹ́

Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí mo gbà gbọ́ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń dágbére fún ilé ẹ̀kọ́ lónìí, tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ohun kan ṣoṣo ni mo sì mú wá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbèrò láti ṣe ìdánwò CCNA ti Cisco, ẹ sì ń ronú ibi tí ẹ ó ti rí owó láàbù tí ẹ ó máa fi kọ́ṣẹ́ nílé. Owó náà kéré sí ohun tí wọ́n ń sọ fún yín. Ibi tó ṣòro ni pé kí ẹ to láàbù náà tán, kó máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹ wá fọwọ́ ara yín bà á jẹ́, kí ẹ sì tún un ṣe láìsí ẹni tó júwe ibi tó ti bàjẹ́ fún yín. Ẹni tí kò bá tíì ṣe èyí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, iye sátífíkéètì yòówù kó ní.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ìwé àti fídíò tó kún ìgboro máa ń gbé ráútà òfìfo síwájú akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ní kó tẹ àṣẹ yìí, kó fi tọ̀hún tẹ̀ lé e, títí ping yóò fi lọ tí yóò sì bọ̀. Bó bá ti bọ̀, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tí yóò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì òfìfo fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Èyí tí ẹ óò bá níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó dé. Ẹni tó tò ó lè ti lọ, kó má sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò rán yín ni pé àwọn ará ẹ̀ka ìṣirò owó kò rí íntánẹ́ẹ̀tì láti àárọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló gbé ráútà kékeré ilé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì, tó ki wáyà bọ ojú LAN rẹ̀, tí ráútà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdírẹ́sì tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì fún gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá béèrè DHCP. Gbogbo iná ń tàn, kò sí wáyà tó já, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ráútà ńlá. Ẹni tó ti dá irú wàhálà yìí sílẹ̀ nílé rí yóò kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì tó wà lórí kọ̀ǹpútà, yóò rí i pé gateway àjèjì ló wà níbẹ̀, yóò sì tọpa MAC rẹ̀ dé ojú ihò súwíìṣì tó ti wọlé. Ẹni tó jẹ́ pé títò nìkan ló kọ́ yóò pa gbogbo ẹ̀rọ, yóò tún tàn wọ́n, yóò sì máa gbàdúrà.

Ẹ má rò pé ọ́fíìsì kéékèèké nìkan ni mò ń sọ. Ní Oṣù Kọkànlá 2002, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn Beth Israel Deaconess ní Boston, ní Amẹ́ríkà, dákú fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn dókítà padà sídìí ìwé àti bírò. Kò sí ọ̀tá tó kọlù wọ́n láti ìta. Ọdún pọ̀ tí wọ́n ti ń so súwíìṣì mọ́ súwíìṣì, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà fi tóbi ju ohun tí Spanning Tree lè mójú tó. Radia Perlman ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní 1985, kí dátà má bàa máa yí po láàárín àwọn súwíìṣì. Ìwọ̀n tí wọ́n sì dá fún un ni súwíìṣì méje láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Wọ́n ti kọjá ìwọ̀n náà, kò sí ẹni tó kíyè sí i, títí ọjọ́ tí dátà rẹpẹtẹ gba ibẹ̀ kọjá. Olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn, John Halamka, kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ó sọ ọ́ fáyé gbọ́ kí àwọn ilé ìwòsàn yòókù lè fi kọ́gbọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi.

Wàhálà ọ̀hún gan-an ni ẹ lè fi súwíìṣì méjì àti wáyà méjì dá sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ pa Spanning Tree, ẹ fi wáyà kejì so wọ́n pọ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan béèrè ARP ẹyọ kan péré. Packet IP ní TTL tó ń dín kù títí yóò fi kú. Ethernet kò ní irú rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí po kò ní dúró. Kíá, gbogbo iná ojú súwíìṣì yóò máa ṣẹ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ping yóò kú, ẹ ò sì ní lè wọ inú súwíìṣì náà mọ́ àfi láti ojú console. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí bí iná yẹn ṣe ń ṣẹ́jú, bó bá tún rí i ní yàrá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwé kiri.

Nílé wa níbí náà, ní 12 Oṣù Kọkànlá 2018, MainOne, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti Èkó, ṣàdédé kéde ọ̀nà tó lọ sí Google fún China Telecom, iṣẹ́ Google sì dàrú fún ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé. MainOne fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn ń ṣàtúnṣe sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ni, àwọn sì ṣi asẹ́ BGP tò, ìyẹn asẹ́ tó ń yẹ ọ̀nà tí ráútà ń kéde fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ wò. Wọ́n tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú 74. Àwọn kan fi èyí bú wọn. Èmi kò bú wọn. Ráútà olówó gọbọi ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ asẹ́ kan tí wọ́n ṣì tò tó láti dà á rú. Ráútà mẹ́ta inú láptọ́ọ̀pù, tí ẹ sọ ọ̀kan di Èkó, tí ẹ sọ ọ̀kan di Ṣáínà, tí ẹ sọ ẹ̀kẹta di Google, tó láti fi han yín bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ yọ asẹ́ náà kúrò, kí ẹ wo ibi tí dátà yóò gbà.

Owó tó wà nídìí rẹ̀ ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ohun àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi owó tí ẹ bá ní kún RAM rẹ̀, torí RAM ló ń sọ iye ráútà tó lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ 4 GB, Packet Tracer yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Cisco Networking Academy, tó ti wà láti 1997, ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní i lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá tó 8 tàbí 16, ẹ gbé GNS3 sí i, ọ̀fẹ́ ni òun náà, kí ẹ fi FRRouting tàbí ẹ̀dà MikroTik tí wọ́n ń pè ní CHR ṣe ráútà inú rẹ̀. CHR ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kí dátà kọjá 1 Mbps lójú ọ̀nà kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá súwíìṣì Catalyst 2960 àlòkù méjì ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ọjà kọ̀ǹpútà tó bá sún mọ́ yín, pẹ̀lú wáyà console kan. Mo ní méjì, torí pé ọ̀kan kò lè bá ara rẹ̀ jà. Ẹ má ra ráútà àtijọ́ tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ata. Ẹ má sì ra àpótí onírin tí wọ́n ń to ẹ̀rọ sí: ohun àfiyangàn ni, kò kọ́ èèyàn ní nǹkan kan.

Súwíìṣì àlòkù ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tí tuntun kò ní. Àṣìírí ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹni tó lò ó kẹ́yìn sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdílọ́nà àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó kúrò lọ́jà. Ẹ di bọ́tìnnì MODE mú bí ẹ ṣe ń tàn án, ẹ yí orúkọ fáìlì ìtò rẹ̀ padà, ẹ wọlé. Kí ẹ tó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ẹ wo VTP, ìlànà tí àwọn súwíìṣì fi ń pín VLAN fún ara wọn. Súwíìṣì tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń ní nọ́ńbà àtúnṣe tó ga. Bí orúkọ domain àti ọ̀rọ̀ ìwọlé VTP rẹ̀ bá bá ti ilé iṣẹ́ mu, tí ẹnìkan sì so ó mọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ó lè pa àwọn VLAN gbogbo ilé iṣẹ́ náà rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àlejò. Ẹ ṣe é lórí tábìlì yín. Ẹ jẹ́ kí súwíìṣì àlejò pa ti onílé rẹ́, kí ẹ rí i. Ohun mìíràn tí wáyà gidi ń kọ́ni ni duplex: ẹ fi apá kan sí full, ẹ fi èkejì sí half. Ping yóò máa lọ, iná yóò máa tàn, ṣùgbọ́n fáìlì ńlá yóò máa wọ́ bí ìgbín. Packet Tracer kò lè jẹ́ kí ara yín mọ èyí.

Àwọn kan á sọ pé láàbù inú láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ojúlówó, pé ẹ̀rọ gidi ni ilé iṣẹ́ ń lò. Òótọ́ wà níbẹ̀, òun náà ló mú mi sọ̀rọ̀ súwíìṣì méjì. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ kan tó ni OSPF, tí àwọn ráútà fi ń júwe ọ̀nà fún ara wọn. Ìlànà gbogbogbòò ni, ó wà nínú RFC 2328 láti 1998, bó ṣe ń ṣe nínú FRRouting náà ló ń ṣe nínú ráútà olówó ńlá. Bí MTU ráútà méjì kò bá bára mu, wọn yóò há sí EXSTART tàbí EXCHANGE, wọn ò ní di aládùúgbò ara wọn ní kíkún, bẹ́ẹ̀ ni ping kékeré yóò máa kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹni tó wá ojútùú ìyẹn rí nínú ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ ti wá a nínú gbogbo ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí kì í ṣe ẹ̀bi yín. Súwíìṣì 2960 kékeré kò jẹ iná tó gílóòbù àtijọ́ oní-60 watt, ṣùgbọ́n bí iná kò bá sí, kò sí náà ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan ṣe é. Èèyàn mẹ́rin tó bá dá àjọ lè ní súwíìṣì méjì àti láptọ́ọ̀pù kan tó dáa, wọ́n á sì jókòó sí ilé ẹni tó ní ínfátà. Bí ẹ bá sì jẹ́ mẹ́rin, ẹni tí yóò bà á jẹ́ àti ẹni tí yóò tún un ṣe kò ní jẹ́ ẹnìkan náà, ìyẹn sì sàn ju dídá ṣe lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín nìkan ni kí ẹ bà jẹ́ o. Ti ilé ẹ̀kọ́, ti ibi iṣẹ́, ti aládùúgbò, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin Cybercrimes Act ti 2015 wà, kò sì ní béèrè bóyá ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́.

Wọ́n tún ń sọ fún yín pé ẹ̀rọ ni yóò máa to nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́la, pé kí lẹ fẹ́ fi wáyà ṣe. Ní 4 Oṣù Kẹwàá 2021, àṣẹ kan tí wọ́n tẹ̀ nígbà ìtọ́jú tí wọ́n máa ń ṣe lóòrèkóòrè ya gbogbo yàrá ẹ̀rọ Facebook sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó yẹ kó yẹ àṣẹ náà wò kó sì dá a dúró; àléébù wà nínú ẹ̀rọ ọ̀hún, àṣẹ náà sì kọjá. Ó gba bíi wákàtí mẹ́fà kí iṣẹ́ tó padà, èèyàn ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe títò, títún ṣe ni yóò kù fún yín, apá yẹn gan-an sì ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ yín.

Ó wá kan ìwọ tó o jókòó sẹ́yìn, tó o ti san owó fún àwọn ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n jí kó jáde, tí ẹ ń pè ní dumps. O ní ilé ò lówó, o ní $300 owó ìdánwò kò ṣeé san lẹ́ẹ̀mejì, o kò sì lè fi ta tẹ́tẹ́. Mo gbọ́, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá fi dumps yege, sátífíkéètì rẹ yóò gbé ọ dé iwájú ẹni tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, ẹni náà yóò gbé ráútà tó ti bàjẹ́ síwájú rẹ, yóò ní kó o sọ ohun tó ṣe é. Kò sí A, B, C, D níbẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà ọ́, ọjọ́ tí ilé ìwòsàn tàbí báǹkì kan bá dúró, orúkọ rẹ ni wọn yóò pè, àwọn tí wọn kò mọ̀ ọ́ rí ni yóò sì jìyà rẹ̀. Gba owó yẹn padà bó bá ṣeé gbà. Fi ra RAM. Ní Sátidé tó ń bọ̀, to ráútà mẹ́ta, fi OSPF so wọ́n pọ̀, tọ́jú ẹ̀dà ìtò wọn. Kó o wá fi láptọ́ọ̀pù náà lé ọ̀rẹ́ rẹ lọ́wọ́, kó o bọ́ síta, kó o má yọjú wò ó. Bó bá pè ọ́ wọlé, mú ìwé àti bírò dání, kó o kọ ohun tó o kọ́kọ́ rí sílẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan.